Oníkẹ̀kẹ́ Kì Í Ṣe Ìdá Kan Nínú Márùn-ún Èèyàn

Ẹ̀yin ará mi, ọ̀rọ̀ yìí máa gùn díẹ̀, ẹ jọ̀ọ́. Ẹni tí kò bá ráyè báyìí, kó fi pamọ́, kó kà á nínú báàsì lọ́la. Ṣùgbọ́n mi ò lè gbé e mì mọ́.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ tó kọjá, van kan gbá ọ̀kan nínú àwọn ọmọ wa tó ń fi kẹ̀kẹ́ gbé oúnjẹ kiri lálẹ́. Ìkóríta tó ní iná ni. Gíríìnì ló wà níbẹ̀ nígbà tó dé. Ó ń lọ tààrà. Van tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ náà rí gíríìnì kan náà, ó yà sí ọwọ́ òsì, ó sì gba iwájú rẹ̀ kọjá. Eegun èjìká rẹ̀ kán. Ọpẹ́lọpẹ́ Ọlọ́run àti akoto tó dé sórí, ọ̀rọ̀ mìíràn là bá máa sọ báyìí.

Nígbà tí ìròyìn dé orí WhatsApp wa, kí ni ẹ̀gbọ́n wa kan kọ́kọ́ kọ? "Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin oníkẹ̀kẹ́ yìí, ẹ kì í dúró fún iná." Èèyàn mọ́kànlá ló na àtàǹpàkò sókè sí i. Mo kà wọ́n. Ẹlòmíì ní kí ló dé tí kò fi ra mọ́tò kékeré kan. Ẹlòmíì gbé fídíò ọkùnrin kan tó ń já iná pupa síbẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú sí mi. Ẹ̀yin lẹ wá pàdé mi lọ́jọ́ tí mo dé ìlú yìí, ẹ̀yin lẹ sì fún mi ní kóòtù àkọ́kọ́ tí mo wọ̀. Ṣùgbọ́n lórí ọ̀rọ̀ yìí, ẹ ṣì í. Mo sì mọ ohun tí mo ń sọ, torí pé iṣẹ́ tí mo wá kọ́ níbí gan-an nìyí. Ó ti di ọdún mẹ́ta tí mo ti ń ka ìwé lórí bí wọ́n ṣe ń pín àkókò iná ní ìkóríta. Ọmọ yẹn ò já iná kankan. Ohun tí iná ní kó ṣe ló ṣe, ohun tó sì ṣe náà ló fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á.

Ẹ gbọ́ ná. Iná ojú pópó kì í ṣe òjò tó ń rọ̀ látọ̀run. Ẹnì kan jókòó nídìí kọ̀ǹpútà, ó yàn án pé kí oníkẹ̀kẹ́ tó ń lọ tààrà àti van tó ń yà sí òsì gba àṣẹ lẹ́ẹ̀kan náà láti kọjá lórí ilẹ̀ kan náà. Tí àwọn méjèèjì bá wá pàdé níbẹ̀, a ó ní jàǹbá ni. A kì í fún ọkọ̀ tó ń bọ̀ láti ìlà oòrùn àti èyí tó ń bọ̀ láti gúúsù ní gíríìnì pọ̀, àbí? A mọ̀ pé wọ́n á kọlu ara wọn. Kí ló wá dé tí a fi ń ṣe é fún oníkẹ̀kẹ́?

Ìdáhùn rẹ̀ wà nínú nǹkan kékeré kan tí àwa tó wà nídìí iṣẹ́ yìí mọ̀, tí ará ìlú ò mọ̀.

A ní òṣùwọ̀n kan tí à ń pè ní PCU. Òun la fi ń ka ọkọ̀ tó ń gba ìkóríta kọjá. Mọ́tò kékeré kan jẹ́ 1. Báàsì jẹ́ 2. Kẹ̀kẹ́ jẹ́ 0.2. Ìyẹn ni pé kẹ̀kẹ́ márùn-ún ní láti pé jọ kí wọ́n tó tó mọ́tò kan tí ẹnì kan ṣoṣo jókòó sí. Báàsì tí ọgọ́ta èèyàn kún inú rẹ̀, mọ́tò méjì péré ló jẹ́ lójú ìwé wa.

Kí n má purọ́ mọ́ ẹnikẹ́ni: òṣùwọ̀n yẹn ò burú fún iṣẹ́ tí wọ́n torí ẹ̀ dá a sílẹ̀. Àyè tí nǹkan gbà lójú ọ̀nà àti àkókò tó fi ń kọjá ìlà ni wọ́n fi ń wọ̀n. Òótọ́ ni pé kẹ̀kẹ́ ò gba àyè tó mọ́tò. Ibi tí wàhálà ti bẹ̀rẹ̀ ni pé nọ́ńbà kan náà la tún fi ń pín àkókò. Tí a bá sọ fún kọ̀ǹpútà pé kó dín ìdádúró kù, ìdádúró ta ló máa kọ́kọ́ dín kù? Ti ẹni tí nọ́ńbà rẹ̀ tóbi ni. Ohun tí wọ́n fi ń wọn irin ni a wá fi ń wọn èèyàn. Ọmọ ìyá ẹnì kan di 0.2.

Ó tún kù. Lọ́pọ̀ ìlú níbí, iná ò kàn ń dá tan. Ètò kan tó ń jẹ́ SCOOT, tí wọ́n ṣe ní Bìrìtéènì láyé àwọn ọdún 1970, ló ń yí àkókò wọn padà bí ọkọ̀ bá ṣe pọ̀ tó. Wáyà tí wọ́n ká sábẹ́ ọ̀dà ojú títì ló máa ń fi mọ̀ pé ọkọ̀ wà níbẹ̀. Iná mànàmáná ń gba inú wáyà yẹn kọjá, tí irin ńlá bá sì gba orí rẹ̀, ó máa mọ̀ ọ́n lára. Kẹ̀kẹ́ ò ní irin tó bẹ́ẹ̀. Bí wọn ò bá tún wáyà náà ṣe dáadáa kó lè mọ nǹkan kékeré, oníkẹ̀kẹ́ lè dúró sórí rẹ̀ títí, kí iná máà mọ̀ pé ẹnikẹ́ni wà níbẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gbé oúnjẹ kiri láago méjìlá òru ní ojú ọ̀nà kékeré, ẹ mọ ohun tí mò ń sọ. Ẹ ó dúró, òjò ń pa yín, pupa ò kúrò, títí mọ́tò kan á fi dé sẹ́yìn yín. Kíá, gíríìnì! Mọ́tò ló rí, kì í ṣe ẹ̀yin.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò kan, kò le. Ká ní ìkóríta kan fẹ̀ tó mítà 24. Mọ́tò tó ń sá ọgbọ̀n máìlì ní wákàtí kan á kọjá rẹ̀ kí ìṣẹ́jú àáyá méjì tó pé. Oníkẹ̀kẹ́ tó gbé ẹrù sẹ́yìn, tó ń lọ ní kìlómítà 15 ní wákàtí kan, á lo bíi ìṣẹ́jú àáyá mẹ́fà. Níbí, yẹ́lò máa ń jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta, pupa pẹ̀lú yẹ́lò tó ṣáájú gíríìnì jẹ́ méjì. Tí wọ́n bá fi àlàfo tó kéré jù sí i, ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún ni gbogbo rẹ̀. Ẹ wá wò ó: oníkẹ̀kẹ́ wọ ìkóríta nígbà tí gíríìnì fẹ́ tán, kò rú òfin kankan, síbẹ̀ ó ṣì wà láàárín nígbà tí wọ́n ti tú àwọn ará ọ̀hún sílẹ̀. Ẹni tó bá wà nínú mọ́tò níbẹ̀ á fun fèrè, á ní, "Ẹ wò ó, ó já iná." Kò já iná o. Àkókò mọ́tò ni wọ́n wọ̀n fún un.

Ẹ̀yin kan á ní, "Ṣùgbọ́n wọ́n ń já iná lóòótọ́." Mo gbà. Àwọn kan ń já a. Mo ti rí ẹni tó já a tó fẹ́rẹ̀ẹ́ kọlu ìyá àgbà kan tó ń sọdá. Mi ò ní gbèjà irú ẹni bẹ́ẹ̀ láéláé. Ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn kéré sí oníkẹ̀kẹ́ lójú títì bí oníkẹ̀kẹ́ ṣe kéré sí tírélà.

Àmọ́ àwọn baba wa ní ká kọ́kọ́ lé akátá lọ ná, ká tó fàbọ̀ bá adìẹ wí. Ẹ bi àwọn tó ń já iná léèrè ìdí tí wọ́n fi ń já a. Àwọn kan á ní iná ò rí wọn. Àwọn kan á sọ pé àwọn fẹ́ kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ tírélà kí tírélà tó ṣí, torí pé tó bá ṣí tán tó sì yà sí òsì, kò sí ibi tí wọ́n á sá sí. Ẹni tó rú òfin torí kó má bàa kú, ẹ̀kọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀ fún ẹni tó ṣe òfin. Àwọn ibòmíì ti gbọ́ ẹ̀kọ́ yẹn. Láti ọdún 1982 ni ìpínlẹ̀ Idaho ní Amẹ́ríkà ti gbà pé, níbi àmì STOP, oníkẹ̀kẹ́ lè dẹsẹ̀, kó wò, kó sì kọjá tí ẹnikẹ́ni ò bá bọ̀. Láti ọdún 2012, ìlú Paris ti ń fi àmì sí àwọn iná kan, pé oníkẹ̀kẹ́ lè yà sí ọ̀tún nígbà tí pupa bá wà, bó bá ṣáà ti fún àwọn tó ń fẹsẹ̀ rìn láyè. Ní UK níbí, òfin ò gba èyíkéyìí nínú ẹ̀, nítorí náà ẹ má ṣe é. Mo kàn ń sọ pé àwọn tó lóye ìkóríta ju àwa tó ń fi fídíò rẹ́rìn-ín lọ, wọ́n wo oníkẹ̀kẹ́, wọ́n sì tún òfin wò.

Kí la wá lè ṣe? Ibi tó ń bí mi nínú jù nìyí, torí pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀ tí a ò tíì mọ̀.

Èkíní, iná kékeré tó wà ní ìwọ̀n ojú oníkẹ̀kẹ́, tó máa ń fún un ní gíríìnì ní ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin tàbí márùn-ún ṣáájú mọ́tò. Ní ìkóríta Bow ní ìlà oòrùn Lọ́ńdọ̀nù, oníkẹ̀kẹ́ méjì kú láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀ síra lọ́dún 2011. Ọ̀dà búlúù ni wọ́n kùn sílẹ̀ fún wọn níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ọ̀dà ò dá tírélà dúró rí. Lẹ́yìn ikú wọn ni wọ́n tó wá gbé iná tó ń jẹ́ kí oníkẹ̀kẹ́ ṣáájú síbẹ̀, ibẹ̀ náà ni wọ́n sì ti dán àwọn iná kékeré yẹn wò. Láti ọdún 2016, òfin àmì ojú pópó ti gba káńsù èyíkéyìí láyè láti lò ó.

Àmọ́ kí n sọ òótọ́: ìyẹn nìkan ò bá má gba ọmọ wa là. Ẹni tí pupa dá dúró ni àǹfààní yẹn wà fún. Òun dé nígbà tí gíríìnì ti wà níbẹ̀.

Ohun tí ì bá gbà á là ni èkejì: kí wọ́n dá àwọn tó fẹ́ yà sí òsì dúró pẹ̀lú pupa tiwọn, nígbà tí oníkẹ̀kẹ́ bá ń lọ tààrà. Kí van lọ nígbà tirẹ̀, kí kẹ̀kẹ́ lọ nígbà tirẹ̀. Kò ju ìyẹn lọ. Ìlànà ìjọba tó ń jẹ́ LTN 1/20, tó jáde ní oṣù keje ọdún 2020, ti ṣàlàyé rẹ̀ pẹ̀lú àwòrán. Lọ́dún yẹn kan náà ni ìlú Manchester ṣí ìkóríta CYCLOPS àkọ́kọ́ ní Hulme, níbi tí ọ̀nà kẹ̀kẹ́ ti yí gbogbo ìkóríta ká, tí oníkẹ̀kẹ́ sì ń rìn nígbà tí a ti dá mọ́tò dúró.

Àwọn ẹlòmíì ti ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ tipẹ́. Ní Groningen, ní ilẹ̀ Netherlands, láti ọdún 1989 ni àwọn ìkóríta kan ti wà níbi tí gbogbo mọ́tò á dúró, tí oníkẹ̀kẹ́ láti ìhà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á gba gíríìnì pọ̀, wọ́n á sì kọjá láàárín ara wọn. Ní Nørrebrogade ní Copenhagen, wọ́n to iná tẹ̀lé ara wọn kí ẹni tó bá ń gun kẹ̀kẹ́ ní kìlómítà 20 ní wákàtí kan lè máa bá gíríìnì pàdé láàárọ̀ tó ń lọ síbi iṣẹ́. Ìlú olówó ni, ẹ ó wí. Ìlú olówó kọ́ là ń gbé ni?

Wọ́n á ní á dá mọ́tò dúró. Bẹ́ẹ̀ ni, á dá a dúró díẹ̀. Ká ní gbogbo iná ní ìkóríta kan máa ń yí po láàárín ìṣẹ́jú àáyá 90. Tí a bá fún oníkẹ̀kẹ́ ní mẹ́rin níbẹ̀, ta ló kú? Àkókò tí àwa awakọ̀ fi ń wo fóònù lẹ́yìn tí iná ti di gíríìnì jù bẹ́ẹ̀ lọ. Dídá ọkọ̀ tó fẹ́ yà dúró ń gba àkókò ju ìyẹn, mi ò ní tàn yín. Ìwọ̀nba ìdádúró yẹn ló wà lójú òṣùwọ̀n kan, eegun èjìká ọmọ èèyàn ló wà lójú kejì. Tí káńsù bá wọ̀n ọ́n tó sì mú àkọ́kọ́, kó sọ ọ́ síta pé òun ló mú, kó má fi pa mọ́ sínú nọ́ńbà.

Torí pé ìmọ̀ràn ni ìwé 2020 yẹn, kì í ṣe òfin tó ń dè wọ́n ní ìkóríta kọ̀ọ̀kan. Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n wa pẹ̀lú jẹ̀bi. A ń jókòó sínú yàrá, à ń jiyàn lórí ìṣẹ́jú àáyá kan ìdádúró ọkọ̀, ẹni tó ń gba ìkóríta yẹn kọjá lórí kẹ̀kẹ́ lóru ò sí lórí àga kankan níbẹ̀. Mo wà lára wọn. Nínú iṣẹ́ ọdún àkọ́kọ́ mi, 0.2 ni mo kọ, mi ò sì ronú lé e lórí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ẹ jẹ́ ká tún sọ èyí tí ò dùn ún gbọ́. Kí ló mú ká tètè dá oníkẹ̀kẹ́ lẹ́bi? Ojú táláákà la fi ń wò ó. A débí, a ra mọ́tò, a ya fọ́tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ránṣẹ́ sílé, a gbàgbé ẹni tí a jẹ́. Bàbá bàbá mi gun Raleigh, kẹ̀kẹ́ tí wọ́n ṣe ní Nottingham. Lọ́jọ́ tó gbé e wọ ìlú, àwọn ọmọdé sá tẹ̀lé e. Tíṣà àti olóko kòkó tó rí jájẹ ló ń gùn ún nígbà yẹn. Ọmọ ọmọ wọn wá dé ilẹ̀ tí wọ́n ti ṣe kẹ̀kẹ́ náà, ó ń gùn ún láti fi san owó ilé, àwa ará ilé rẹ̀ ló wá ń fi ṣe yẹ̀yẹ́.

Wọ́n ní ìkóríta mẹ́ta ní í dààmú àlejò. Àlejò ni wá níbí. Tó bá di aago mẹ́wàá alẹ́, ẹ wo àwọn tó gbé àpò oúnjẹ sẹ́yìn ní ìlú tẹ́ ẹ wà. Ẹ kà wọ́n. Mélòó ló jọ wá nínú wọn?

Nítorí náà, ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún rèé.

Ẹ̀yin awakọ̀: láti ọjọ́ 29 oṣù kìíní ọdún 2022 ni ìlànà H3 nínú Highway Code ti sọ pé ẹni tó ń yà ò gbọdọ̀ gba iwájú oníkẹ̀kẹ́ tó ń lọ tààrà kọjá. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ yà sí òsì, ẹ wo dígí òsì, ẹ bojú wẹ̀yìn, ẹ dúró kí ó kọjá.

Ẹ̀yin oníkẹ̀kẹ́: ẹ má gba ẹ̀gbẹ́ òsì tírélà tàbí báàsì lọ síwájú ní ìkóríta, bí wọ́n bá tiẹ̀ kùn ọ̀nà kẹ̀kẹ́ síbẹ̀. Àpótí tí wọ́n yà síwájú ìlà fún yín yẹn, ọ̀nà tó lọ síbẹ̀ sábà máa ń gba ibi tí awakọ̀ ò ti rí yín. Ẹ dúró sẹ́yìn rẹ̀, láàárín ọ̀nà, níbi tí ẹni tó wà lẹ́yìn ti ń rí yín. Mo mọ̀ pé ẹni tó ń retí oúnjẹ rẹ̀ ń pè. Kó máa pè.

Gbogbo wa: tí káńsù bá fi ìwé ránṣẹ́ pé àwọn fẹ́ tún ìkóríta kan ṣe, tí wọ́n ní kí ará àdúgbò sọ èrò wọn, ẹ má jù ú sínú pànkẹ̀rẹ̀ ìdọ̀tí. Ẹ dáhùn. Ìbéèrè kan péré ni kẹ́ ẹ bi wọ́n: nígbà tí kẹ̀kẹ́ bá ń lọ tààrà, ṣé ọkọ̀ tó ń yà sí òsì máa ní gíríìnì? Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ ìdáhùn sílẹ̀. Ẹ sì rántí pé ọmọ Nàìjíríà tó ń gbé níbí lọ́nà òfin lè forúkọ sílẹ̀ kó dìbò, torí pé Nàìjíríà wà nínú Commonwealth. Ọ̀pọ̀ nínú wa ò mọ̀. Kánsẹ́lọ̀ tó bá mọ̀ pé ìbò wà nínú ilé yín á ka lẹ́tà yín.

Èmi ti kọ tèmi nípa ìkóríta ọjọ́ Jímọ̀ yẹn, pẹ̀lú àwòrán àti ìṣirò. Ẹni tó bá fẹ́ bá mi fọwọ́ sí i, kó kọ̀wé sí mi ní ìkọ̀kọ̀.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pa ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ kọ yẹn rẹ́. Lẹ́yìn náà, kẹ́ ẹ pe ọmọ náà. Ọwọ́ ọ̀tún ló fi ń gbé fóònù báyìí, òsì ò tíì ṣeé gbé. Ó rí ohun tẹ́ ẹ kọ, kò fèsì, ó kàn ní kí n má bá yín jà.